Ẹ Má Ṣe Di Ojú Ẹ̀rọ



Ọ̀rọ̀ omi ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Ìlàjẹ, ní Bàríga àti ní Ṣómólú pé omi inú ọ̀rá, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní píọ̀ wọ́tà, ti di ohun tí a kò lè ṣe aláìní. Òun ni a ń gbé kalẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi yìgì. Òun ni àwọn ọmọ ń gbé sáré tẹ̀lé mọ́tò. Òun ni a ń kó sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí ní ọjọ́ Jímọ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ tálákà fi ń ṣínu nígbà tí oòrùn bá wọ̀ nínú oṣù ààwẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe irú ohun báyìí fún aráàlú, ẹ̀mí ènìyàn ni ó gbé lọ́wọ́. Bí ó bá ṣe é dáadáa, ara wa yóò le. Bí ó bá ṣe é ní ìṣekúṣe, a kò ní mọ̀ títí àìsàn yóò fi wọlé.

Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni a fi ń ṣe é. Àwọn ìyá wa ń bu omi sínú ọ̀rá funfun, wọn a ta á ní kókó, wọn a fi í sínú yìnyín, wọn a sì máa polówó áísì wọ́tà. Ní àwọn ọdún 1990 ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Nísisìyí, ẹ̀rọ ni ó ń fa omi, ẹ̀rọ ni ó ń rọ ọ́ sínú ọ̀rá, òun ni ó ń fi iná lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀, òun náà ni ó ń gé e. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ọ̀ràn ti kọjá bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ni ó ń ṣọ́ ẹ̀rọ: kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú àpótí irin ni ó ń wo bí ooru ti tó, tí ó ń ka ìgò, tí ó ń ṣí ọ̀nà omi, tí ó sì ń tì í, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án.

Àríyànjiyàn kò gbẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní ẹ̀rọ wá láti gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ tálákà. Àwọn mìíràn ní bí ẹ̀rọ bá ti dé, ìdọ̀tí parí, àrùn parí, ìrẹ́jẹ náà parí. Ní èrò tiwa, ìhà méjèèjì kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀tá, kì í sì í ṣe wòlíì. Ohun tí a bá fi rán an ni ó ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Ẹ wo àwọn ìyá wa tí ń yan ẹja ní etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ. Ìyá ẹlẹ́ja kò ní ohun èlò kan tí ó fi ń wọn ooru. Ojú rẹ̀ ni ó fi ń wo àwọ̀ ẹja, ó sì mọ irú àwọ̀ tí ó yẹ kí ó rí. Bí iná bá pọ̀ jù, a fa igi kúrò. Bí iná bá kéré jù, a ti igi sí i. Nǹkan mẹ́ta ni ìyá yìí ń ṣe: ó ń wò, ó ń fi ohun tí ó rí wé ohun tí ó yẹ kí ó rí, ó sì ń tún un ṣe. Nǹkan mẹ́ta yìí náà ni gbogbo ẹ̀rọ tí ń darí ara rẹ̀ ń ṣe, ì báà jẹ́ ní Èkó tàbí ní ìlú òyìnbó. Bọ́ọ̀lù tí ó ń léfòó nínú tánkì omi ilé yín, tí ó ń ti ẹnu omi pa nígbà tí tánkì bá kún, ọmọ ìyá kan náà ni òun pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ ńlá wọ̀nyẹn.

Ìyàtọ̀ kan wà. Ó máa ń rẹ ìyá ẹlẹ́ja, a máa tòògbé, oníbàárà a sì máa fi ọ̀rọ̀ dá a dúró nígbà tí ẹja ń jóná. Ojú ẹ̀rọ kì í tòògbé. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá ti bàjẹ́ kí ó tó dé orí iná, imú ìyá yóò sọ fún un, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kìlọ̀ fún un. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ju ohun tí a ní kí ó máa wò lọ. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí, ẹ̀rọ yóò tàn án jẹ.

Ẹni tí ó bá sì rò pé òyìnbó nìkan ni Ọlọ́run fún ní irú ọgbọ́n yìí, kí ó gbọ́. Ní Baghdad, ní nǹkan bí ọdún 850, àwọn ọmọ Mūsā mẹ́ta tí à ń pè ní Banū Mūsā kọ ìwé kan tí à ń pè ní Kitāb al-Ḥiyal. Wọ́n ṣàlàyé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ohun èlò nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi omi ṣiṣẹ́, tí ọ̀nà omi ń ṣí tí ó sì ń tì fún ara rẹ̀. Ní ọdún 1206, al-Jazarī, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ààfin ọba ní Diyarbakir, ìlú kan tí ó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí, parí ìwé tirẹ̀. Lára àwọn ohun tí ó ṣe fún ọba ni ẹ̀rọ àlùwàlá, nítorí pé ọba náà kò fẹ́ kí ìránṣẹ́ máa da omi sí òun lọ́wọ́. Ẹ̀yin àfáà tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ilé-kéú, ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ, kí wọn má baà rò pé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ kéú kò lè jọ gbé inú orí kan.

Ní ìlú Èkó wa níhìn-ín, kò jìnnà sí Ṣómólú, ilé-iṣẹ́ Nigerian Bottling Company bẹ̀rẹ̀ sí rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ní 1953. Seven-Up bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ìjọrà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, ọjọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira gan-an. Láti ìgbà náà ni ojú àwọn ará Èkó ti mọ́ ìgò tí ó ń tò lọ lórí ọ̀nà irin, tí ẹ̀rọ ń rọ, tí ẹ̀rọ sì ń dé.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni bí wọn ti ń ṣe wàrà. Láti ìgbà Louis Pasteur, ará Faransé, ní àwọn ọdún 1860, ni a ti mọ̀ pé ooru ìwọ̀nba a máa pa kòkòrò àìfojúrí nínú ohun mímu láìjẹ́ pé a sè é hó. Bí a bá gbé wàrà dé ìwọ̀n ooru dígírì 72, tí ó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ó tó. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti fi ojú kan sí ẹnu ọ̀nà tí wàrà ń gbà jáde. Bí ojú náà bá rí i pé ooru kò pé, ìlẹ̀kùn kan yóò yí padà fúnra rẹ̀, yóò sì dá wàrà náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ó lọ tún gbóná. Kò sí ọ̀gá tí yóò ní, “Ẹ jẹ́ kí ó lọ, ọkọ̀ ti ń dúró.” Ìlẹ̀kùn yẹn kò gba ẹ̀bẹ̀, kò sì gba rìbá. Èyí ni èrè tí ó tóbi jù nínú ẹ̀rọ tí ń darí ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé kíkọ́yá ni èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó kọ̀ láti jẹ́ kí ohun tí kò pé kọjá ni ó ṣe pàtàkì jù.

Ọ̀kan tún ni ti òṣùwọ̀n. Ní ìdí ọ̀nà irin kan náà ni òṣùwọ̀n wà tí ó ń wọn páálí tàbí ìgò bí ó ti ń kọjá. Èyí tí kò bá pé, ẹ̀rọ yóò tì í bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo Mùsùlùmí ni ó mọ̀ pé odindi súrà kan wà nínú Àlùkùránì, èyí tí ó jẹ́ ìkẹtàlélọ́gọ́rin, tí a fi orúkọ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù pè. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ 50 sẹ́ńtílítà sára ọ̀rá omi, tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàrin rẹ̀ àti ẹni tí ń tẹ ìdí kóńgò wọnú lọ́jà. Ẹ̀rọ tí ń rọ omi kì í dín in kù nítorí ojúkòkòrò. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń yí ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé ilé. Ilé-iṣẹ́ omi tí ó wà ní àdúgbò wa kì í ṣe ilé ńlá. Bóòhòlù kan, tánkì méjì tàbí mẹ́ta lókè, àwọn asẹ́ lórí ìlà, àti ẹ̀rọ ìrọmi kan tí ó lè ṣe ọ̀rá tí ó ju 1,500 lọ ní wákàtí kan. Omi ń kọjá nínú yanrìn, ó ń kọjá nínú èédú tí ń fa òórùn àti àwọ̀ kúrò, ó ń kọjá nínú àwọn asẹ́ tí ihò wọn kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, lẹ́yìn náà ni ó ń kọjá ní ẹ̀gbẹ́ gílóòbù kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, tí a ń pè ní UV, a máa pa kòkòrò àìfojúrí. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń bọ́ sínú ọ̀rá. Nítorí pé ilé wa fún mọ́ ara wọn, tí ṣalángá kan kò jìnnà sí bóòhòlù èkejì, tí ọ̀sà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gílóòbù yìí ni odi ìkẹyìn láàrin àrùn àti ẹnu ọmọ wa.

Àṣírí kan wà nínú gílóòbù yìí tí ó yẹ kí gbogbo olùrà mọ̀. Kì í wà títí láé. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 9,000, èyí tí ó tó ọdún kan bí ó bá ń tàn tọ̀sán-tòru, agbára rẹ̀ ti dín kù púpọ̀. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé yóò ṣì máa tàn. Ẹni tí ó bá yọjú wò ó yóò rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù, yóò sì rò pé kò sí nǹkan. Bákan náà, bí omi bá rú, ìmọ́lẹ̀ náà kò lè wọ inú rẹ̀ dáadáa, kòkòrò yóò sì sá pamọ́ sẹ́yìn ìdọ̀tí. Nítorí náà ni àwọn asẹ́ fi gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí gílóòbù tó ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè wa nìyí. Bí gílóòbù bá jó, tàbí bí iná bá lọ, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀? Omi inú tánkì òkè kò nílò iná kí ó tó sàn wálẹ̀. Bí ọ̀gá bá tan jẹnẹrétọ̀ fún ẹ̀rọ ìrọmi nìkan kí epo lè tó, omi yóò kọjá ní ẹ̀gbẹ́ gílóòbù tí ó ti kú, yóò bọ́ sínú ọ̀rá tí ó mọ́, tí nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ìwòsàn èyí kò le. Ìlẹ̀kùn omi kékeré kan wà tí iná mànàmáná ń ṣí, tí a lè so mọ́ gílóòbù náà: bí gílóòbù bá ń tàn, omi ń kọjá, bí ó bá kú, ìlẹ̀kùn tì, gbogbo iṣẹ́ sì dúró. Irú ìlẹ̀kùn tí ó ń dá wàrà padà nìyẹn, ní ìwọ̀n apá tiwa. Kò dé ibi kọ̀ǹpútà rárá.

Ṣùgbọ́n àṣà burúkú kan wà nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní gbogbo ayé. Bí ohun tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ bá ń dá iṣẹ́ dúró lemọ́lemọ́, òṣìṣẹ́ tàbí ọ̀gá a máa mú wáyà kan, a fi í fò ó kọjá, iṣẹ́ a sì máa lọ. Wọ́n ti di ojú ẹ̀rọ nìyẹn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tí ó bá ra ojú fún ẹ̀rọ, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í, ó burú ju ẹni tí kò rà á rárá lọ, nítorí pé àwọn ènìyàn ti gbẹ́kẹ̀ lé e.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé à ń sọ àsọdùn, kí ó rántí oṣù kẹfà ọdún 2024. Nígbà tí a ń múra Ìléyá ní ọdún náà ni àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 20 lọ. Ìjọba Èkó sọ pé ohun mímu kan tí a fi òfíò ṣe, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, wà lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fura sí. A kò sọ pé omi inú ọ̀rá ni ó fà á. Ohun tí à ń sọ ni pé bí ohun mímu kan bá ń lọ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹnu ọgọ́rùn-ún ènìyàn, láìsí ohun kan láàrin tí ó lè sọ pé “dúró,” ọ̀fọ̀ kò jìnnà.

Ẹ̀wẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹ̀rọ má ṣe gbàgbé ọdún 2008. Oògùn eyín ọmọdé kan tí à ń pè ní My Pikin pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó ju 80 lọ ní Nàìjíríà, nítorí pé májèlé ti wà nínú ohun tí a fi ṣe é. Bí ẹ̀rọ bá rọ májèlé sínú ìgò, tí ó sì wọ̀n ọ́n tí ó pé, májèlé náà ni. Nítorí náà, ìdánwò ohun tí ń wọlé gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá gbé omi bóòhòlù rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò lóòrèkóòrè, ẹ̀rọ olówó ńlá kò lè gbà á.

Ọ̀rọ̀ kù lórí àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ọmọbìnrin tí ń kó ọ̀rá ogún ogún sínú àpò, àti àwọn ọmọkùnrin tí ń gbé e sọ́kọ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọn kò sì jẹ̀bi. Ẹ wo Ṣómólú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Nígbà kan, ẹnì kan ni yóò dúró tí yóò máa fi ọwọ́ ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìwé ìkésíni kan yóò fi pé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, iṣẹ́ yẹn parí. Àwọn tí ẹnì kan jókòó kọ́ ni wọ́n di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ tuntun náà. Àwọn tí a kò kọ́ kàn lọ sílé ni. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olówó ilé-iṣẹ́ ni pé kí ó tó gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé, kí ó pe àwọn tí wọ́n ti bá a jìyà, kí ó yan nínú wọn àwọn tí yóò kọ́ bí a ti ń ka ìwọ̀n, bí a ti ń pààrọ̀ asẹ́, bí a ti ń kọ ìwé ojoojúmọ́. Ọmọbìnrin tí ó ti ń di àpò omi fún ọdún mẹ́rin, tí ojú rẹ̀ mọ ọ̀rá tí ń jò láti ọ̀nà jíjìn, ó sàn fún iṣẹ́ yẹn ju àlejò lọ. Ẹni tí ó bá lé wọn dànù yóò rí i pé kò sí ẹni tí yóò sọ fún un nígbà tí ẹ̀rọ bá ń purọ́.

A mọ èsì tí àwọn olówó ilé-iṣẹ́ yóò fún wa. Wọn yóò ní owó kò sí, iná kò sí, epo ti gbówó lórí. Òótọ́ ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tí wọ́n wà ní Band A gòkè láti nǹkan bí Náírà 68 sí Náírà 225 fún ìwọ̀n kan, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni ó sì dì í mú lórí. Nítorí náà ni a kò fi sọ pé kí wọn lọ ra kọ̀ǹpútà. Kí wọn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀mí wà. Èkínní, ìlẹ̀kùn tí ń tì nígbà tí gílóòbù bá kú. Èkejì, ìwé kan tí a ń kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ gílóòbù, ọjọ́ tí a pààrọ̀ asẹ́, àti ọjọ́ tí a ṣe àyẹ̀wò omi. Ẹ̀kẹta, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọ̀rá mélòó kan ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí apá ẹnì kan kò bá ká a, ẹgbẹ́ wọn, ATWAP, wà níbẹ̀. Àwọn ìyá wa ń dá èsúsú láti ra ọjà. Kí ni ó dé tí ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá ní àdúgbò kan kò lè dá èsúsú láti gba mẹkáníìkì kan tí yóò máa yẹ gbogbo ẹ̀rọ wọn wò?

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sálásí àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ń ra omi lọ́pọ̀lọpọ̀, agbára wà lọ́wọ́ yín ju bí ẹ ti rò lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ẹ tó ra ọgọ́rùn-ún àpò fún wàásù tàbí fún ìṣínu, ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí a ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ rán ènìyàn méjì lọ síbẹ̀ kí wọn béèrè nǹkan méjì péré: “Ẹ fi ìwé gílóòbù hàn wá,” àti “Ẹ pa iná gílóòbù kí á wò ó bí omi yóò dúró.” Ẹni tí ó ń ṣe òótọ́ yóò fi ayọ̀ hàn yín. Ẹni tí ó bá bínú, ẹ gbé owó yín lọ sí ibòmíràn. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń tà á, ẹ má ṣe tò ó sínú oòrùn láti àárọ̀ di alẹ́, kí iṣẹ́ ẹni tí ó ṣe é dáadáa má baà bàjẹ́ lọ́wọ́ yín.

Sí NAFDAC, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1993, àti sí ìjọba Èkó, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Ìwé ẹ̀rí tí a fi kọ́ sára ògiri kì í pa kòkòrò. Kí àwọn olùyẹ̀wò yín wá ní ọjọ́ tí a kò retí wọn, kí wọn sì wo bí ìlẹ̀kùn omi ti ń tì kí wọn tó wo ọ̀dà ilé. Kí a sì jẹ́ kí iná dúró fún àwọn tí ń ṣe ohun mímu, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìwà burúkú lónìí, àìsí iná ni ó ti ènìyàn sí i.

Ẹ̀rọ kò ní ọkàn tí yóò bẹ̀rù ọjọ́ ìṣirò. Ẹni tí ó yí ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ ni a óò bi, àti ẹni tí ó rí i tí ó dákẹ́. Kí Ọlọ́run fi òótọ́ sí wa lọ́wọ́ nínú òwò wa, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí á fi omi tí a fẹ́ fi gba ẹ̀mí là pa ọmọ wa. Àmín.